Páálí àtúnṣe páànù fún RV (bàálù kékeré tí èèyàn lè tò fúnra rẹ̀): ẹ wo orí rífẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lù ú

Nínú páálí tí mo rà, wọ́n kọ AN470AD3-3 (rífẹ́ẹ̀tì irú AD, ìṣó tí a fi ń so páànù bàálù pọ̀) sí ara ọ̀rá, ṣùgbọ́n orí rífẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ dán láìní àmì kankan. Kì í ṣe AD nìyẹn. AD a máa ní ihò tíntín láàárín orí. Èyí tí kò ní nǹkan kan ni A, àlùmíníọ̀mù 1100 rírọ̀ tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì ti AD. Mo ti lu mẹ́ta kí n tó fura: ìbọn tí a fi ń lu rífẹ́ẹ̀tì kò tíì dún dáadáa tí ìdí wọn ti fẹ̀ bí ṣingọ́ọ̀mù.

Mo pe àwọn tó tà á. Ọmọkùnrin tó gbé e ní àlùmíníọ̀mù ṣáà ni gbogbo wọn. Mo ní kó mú ẹyọ kan kó wo orí rẹ̀, ó ní kò sí níwájú òun. Ó fà mí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìyẹn ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ó ní kò hàn. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní nọ́ńbà ara ọ̀rá bá ìwé àwọn mu. Ṣé nọ́ńbà ara ọ̀rá ló máa fò ni?

Ká má parọ́, ìyókù páálí náà dára. Páànù 2024-T3 Alclad (àlùmíníọ̀mù líle tí a fi àlùmíníọ̀mù mímọ́ bò), 0.025 ínṣì ní nínípọn, ínṣì 12 sí 12, láìní ìhá, cleco fàdákà 20 (ohun tí a fi ń di páànù mú fúngbà díẹ̀ kí a tó lu rífẹ́ẹ̀tì), bíìtì ìlu ihò No. 40 mẹ́ta tó mú gan-an. (Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan Air Beetle (bàálù ìkọ́ni àwọn ológun òfurufú Nàìjíríà) ní Kaduna mọ irú páànù yìí: RV-6A ni bàálù yẹn.)

Igun irin kan ní háńgà ló ya awọ abẹ́ apá bàálù mi, láàárín ríìbù (egungun apá) méjì, ibi tó jìnnà sí spar, òpó tó gbé apá dúró. Ẹ gé ibi tó ya kúrò di ihò roboto, kí ẹ fi fáìlì dán etí rẹ̀, torí ibi tó bá ní igun ni ìlà sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ 0.025, rífẹ́ẹ̀tì ìlà méjì yí i ká. Ẹ ha etí mímú ihò kúrò lójú méjèèjì, ẹ fi ọ̀dà zinc chromate pa inú, ẹ fi cleco dè é ní ihò kan fo ihò kan. Ìbọn 3X, agbára afẹ́fẹ́ nǹkan bí 35 psi. Ìdí tó bá jókòó dáadáa yóò fẹ̀ tó 9/64 ínṣì, yóò ga tó 3/64.

Ọjọ́ kejì ni ìyá kan láti ilé ìkẹ́rùsí wọn pè mí fúnra wọn. Wọ́n ti lọ síbi àpótí náà: ẹnì kan ti da A mọ́ inú AD. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, mẹ́ta tí mo ti lù ńkọ́, àti pé báwo ni ihò náà ṣe jìnnà sí etí tó? Mo ní 1/4 ínṣì. Wọ́n ní ó dáa, pé 3/16 tó fún AD3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ihò bá fẹ̀ nígbà yíyọ, AD4 tó tóbi jù ú lọ ló kù, 1/4 ló sì ń fẹ́. Wọ́n fi AD3-3 ránṣẹ́, wọ́n fi AD4-4 díẹ̀ kún un, mi ò bèèrè.

Nígbà yíyọ, ẹ fi No. 40 lu orí nìkan, kó má kọjá ìwọ̀n orí, kí ẹ fi punch (irin ṣóńṣó) ṣẹ́ orí kúrò, kí ẹ wá ti ìdí jáde. Méjì jáde wẹ́rẹ́. Ìkẹta ṣí ihò di gígùn, bí ìyá yẹn ṣe sọ, bíìtì No. 30 tó tóbi jù ú lọ àti AD4-4 ló gbà á là.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìyá yẹn ló ni mẹ́ta nínú rẹ̀, bíìtì ló ni ìkan. Ìwé ìtọ́ni wọn ṣì ń sọ pé ká fi pẹ́ńsù sàmì sára páànù, èédú inú pẹ́ńsù sì ń jẹ àlùmíníọ̀mù. Sharpie (máákà onítadáwà) ni kí ẹ lò.