Zobo gbígbẹ tàbí kápúsù flavonoid: èwo lẹ fẹ́ náwó lé?

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, tó ti gbọ́ pé flavonoid, ìyẹn àwọn èròjà kan tó wà nínú ewéko, ń ṣe ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lóore, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tà fún un: zobo gbígbẹ lọ́jà, tàbí kápúsù inú ike. Mo ti ra méjèèjì.

Owó: ₦18,000 ni mo ra ike kápúsù kan, oṣù kan ló sì gbé. Kóńgò zobo kan ń tó èmi àti ìyàwó mi fún oṣù kan náà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́rin ti kápúsù.

Ìrọ̀rùn: kápúsù ló borí. Kò gba iná, kò gba asẹ́.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: ibí lowó mi ti wọgbó. Ara ike yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé flavonoid láti ara ewéko márùn-ún ni, ṣùgbọ́n wọn ò kọ iye mìlígíráàmù ìkankan. Nọ́ńbà NAFDAC tí mo rí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. N kò ka gbólóhùn wínníwínní tó wà nísàlẹ̀, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Gbólóhùn yẹn wà lára ike ọ̀pọ̀ egbòogi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá a kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ta kápúsù náà fún mi tún ní kí n pa amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún mi, tì. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ń fọ́ mi láti ìdájí. Nọ́ọ̀sì yẹ ìfúnpá mi wò: 178 lórí 110. Ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà dá mi padà sídìí oògùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, flavonoid kankan kò gbọdọ̀ gba ipò oògùn tí dókítà kọ fún yín.

Ti zobo, ojú lè yẹ̀ ẹ́ wò. Pupa rẹ̀ yẹn gan-an ni anthocyanin, ọ̀kan lára ẹ̀yà flavonoid; ìdí nìyẹn tí ìṣápá funfun tí a fi ń se ẹ̀gúsí kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ ra èyí tó pọ́n rokoṣo. Èyí tó ti ṣì, ọjọ́ àti oòrùn ti jẹ ẹ́. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010, àgbàlagbà 65 tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀ ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tó mu ife zobo mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà òkè wọn fi 7.2 wálẹ̀, àwọn tó mu omi aláwọ̀ tó jọ ọ́, 1.3 péré.

Zobo inú ike tí wọ́n ń tà ní títì: ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù fún alátọ̀gbẹ.

Kápúsù náà níṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ìwádìí COSMOS, tó kó èèyàn 21,442 jọ, kápúsù tó ní 500 mìlígíráàmù flavanol kòkó (flavanol náà jẹ́ ẹ̀yà flavonoid) lójoojúmọ́ kò dín àpapọ̀ àrùn ọkàn kù tó ṣe é gbára lé, ṣùgbọ́n ikú láti ọwọ́ àrùn ọkàn fi ìdá 27 nínú 100 dín kù. Ẹ kíyè sí i pé iye mìlígíráàmù yẹn hàn kedere. Tí ẹ bá ń rìnrìn àjò ṣáá, ẹ ra èyí tó kọ iye rẹ̀, kí ẹ sì fi han dókítà.

Aláboyún, ẹ má mu zobo. Èmi, ẹ̀kúnwọ́ kan ni mò ń rẹ sínú lítà omi gbígbóná pẹ̀lú atalẹ̀, láìsí ṣúgà, lẹ́yìn tí mo bá ti lo amlodipine mi láàárọ̀.