Fláàṣì, YouTube, àbí áàpù: èwo ló yẹ ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà àti àwòrán yíyà?

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí, ó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún mi. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni: b, a, t. Ó fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "bù… à… tù", ó dákẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ wá tàn: "Bàtà!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. ₦15,000 ni mo fi ra fláàṣì tó kọ́ ọ ní "bù-à-tù" yẹn, owó tí mo sì ná kí ó tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ ju ti fláàṣì lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ẹ sì ti ń ka owó lọ́wọ́, ẹ gbọ́ ìrírí tèmi kí ẹ tó san án. Ọ̀nà mẹ́ta la ti gbà nílé wa. Èkíní ni fláàṣì tí wọ́n kó fídíò kún, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé ìwé àti ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Èkejì ni YouTube, níbi tí Alphablocks wà fún ìwé kíkà, tí Art for Kids Hub sì wà fún àwòrán. Ẹ̀kẹta ni Khan Academy Kids, áàpù ọ̀fẹ́ fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́jọ.

Ìró lẹ́tà

Ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí, torí ibí lowó mi wọlẹ̀ sí.

Lẹ́tà ní orúkọ, ó sì ní ìró. Orúkọ b lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "bíì". Ìró rẹ̀ ni ètè tó pa pọ̀ tó sì ṣí lójijì, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi "ù" sí i nídìí, ó ti di ìró méjì nìyẹn, ọmọ ò sì mọ èyí tí òun máa jù nù nígbà tó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀.

Ọmọ Òyìnbó pàápàá máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Tàwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ní èdè Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀, méjì wọn kì í sì í tò tẹ̀ léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín. Ìdí tí *bread* fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa nìyẹn. Ahọ́n ọmọ wa ti ń wá fáwẹ̀lì tó máa fi kún un tẹ́lẹ̀. Kí fídíò tún wá gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́! Ọmọ mi kì í ṣe olódo. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ gan-an ló kà: bù, à, tù. Bàtà náà nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ ra fláàṣì yẹn, mo wo àwọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ orin rẹ̀, mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n wa. Obìnrin tó tà á fún mi ní fídíò irinwó ló wà nínú rẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ ẹyọ ẹ̀kọ́ kan tán. "Bù, kù, dù, fù" ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ sì kọ ọ́ lórin fún oṣù márùn-ún gbáko, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀.

Ní ilé ìwé rẹ̀, Jolly Phonics ni wọ́n ń lò, ètò tó ń fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, bí ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni níbí. Ìró méjìlélógójì ló wà nínú ìyẹn, s, a, t, i, p, n ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé lẹ́tà mẹ́fà yẹn nìkan ti tó kọ *sat*, *pin*, *tap*. Fláàṣì tèmi ń lọ láti A dé Z ní tirẹ̀. Ọmọ kan, ẹnu méjì. Nígbà tó yá, tíṣà rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ má bínú o, ta ló ń kọ́ ọ nílé?"

Mo gba àǹtí kan tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún odidi táàmù kan. Ohun tó ṣe kò le rárá. Ìró tó ṣeé fà, bí s, m, f, n, ó ní kí wọ́n fà á: "sssss", "mmmmm". Èyí tí kò ṣeé fà, bí p, t, k, wọn á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń sọ àṣírí. Fún p, ó gbé tíṣù síwájú ẹnu ọmọ. P ti Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ tíṣù náà lọ síwájú. P ti "pátápátá" wa kì í fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ìró ọ̀tọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan náà la fi ń kọ ọ́. Èmi tí mo ti ń sọ èdè méjèèjì láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló júwe Alphablocks fún mi. Láti 2012 ni wọ́n ti ń dán àwọn ọmọ Year 1 (ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà) wò ní England pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ogójì, ogún nínú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan láyé yìí. Àfi kí ọmọ ka ìró wọn; kò sí bó ṣe lè méfò. "Bàtà ò lè yọ ọ́ níbẹ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Orí CBeebies, ìkànnì ọmọdé ti BBC, ni Alphablocks ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ènìyàn ni wọ́n sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dà. Bí èso ápù bá já lu A lórí, á ké "a!". Z ń sùn ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, ìró wọn á wọ inú ara wọn, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ á sì yọ síta. Ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń gé ìró kúrú.

Ìró Khan Academy Kids náà mọ́, àmọ́ ti Amẹ́ríkà ni. *Hot* wọn máa ń dún bíi *hat* létí ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ ń sọ ti Ìlú Ọba.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra fláàṣì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ẹ̀kọ́ m àti ti t. Bó bá ní "mù" àti "tù", ẹ ti pọ́ọ̀sì yín padà.

Àwòrán

Nínú Art for Kids Hub, bàbá kan ló ń yàwòrán pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ìwé àwọn méjèèjì á sì wà lójú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti ọmọ kì í dọ́gba pẹ̀lú ti bàbá, ìyẹn gan-an ló ń fi ọmọ tèmi lọ́kàn balẹ̀. Máákà tí kò ṣeé pa rẹ́ ni wọ́n ń lò, nítorí náà bí ìlà bá wọ́, ẹ máa bá a lọ. Ẹ̀sùn tí àwọn kan fi ń kàn án ni pé kìnnìún gbogbo ọmọ á jọra. Òótọ́ ni. Kò dùn mí. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nílò ẹni tó máa tọ́ ọ ná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ mi tẹ́ àdìrẹ màmá mi sílẹ̀, Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Mápó sí, ó fi bíró ya àwọn òpó náà sẹ́yìn ìwé iná mànàmáná. Ìkankan ò dúró tọ́. Mo ṣì tọ́jú ìwé yẹn.

Ti fláàṣì kì í ṣe ẹ̀kọ́, orin ni wọ́n ń kọ sí àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà tán. Ti áàpù dára, ṣùgbọ́n ìka lórí gíláàsì kò kọ́ ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

Àwọn yòókù

Dátà: fláàṣì borí níbí, kò jẹ kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó lé e ní January 2025, ó kéré tán ẹ ò gbọ́dọ̀ fi YouTube sórí 720p. 360p tó fún ìlà àti lẹ́tà.

Ìpolówó ọjà: kò sí nínú Khan, ó wà lórí YouTube. Ẹ pa autoplay. Mo lọ ro àmàlà, mo padà dé bá ọmọ níbi tó ti ń wo àgbàlagbà tó ń ṣí ẹyin oníke. Lórí YouTube Kids, ẹ lè yan kìkì fídíò tí ẹ fọwọ́ sí.

Àkókò: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má wo ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni tiwa.

Yorùbá: orin a, b, d kan wà nínú fláàṣì, lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé, gb àti ṣ wà níbẹ̀. Òun nìkan ni mi ò tíì pa rẹ́.

Èwo ni kí ẹ mú?

Mi ò ní gbè sẹ́yìn ìkankan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dé ọ̀dọ̀ yín, fláàṣì ló kù, ẹ ṣáà ti gbọ́ m àti t. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ yín lọ́rùn tó jẹ́ pé ọmọ á dá jókòó, Khan Academy Kids ni. Ẹni tó bá lè jókòó ti ọmọ fún ogún ìṣẹ́jú, tòun ti ìwé tí kò nílà àti máákà kan, Alphablocks ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Fláàṣì tiwa ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, fọ́tò ìkómọ ló kún inú rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ yẹn tún kan àbúrò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: *bat*. Ó wá bi mí pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní àdán ni. Ó ní òun ò rí àdán rí, kí n yà á fún òun. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n yà, la bá wá máákà méjì.