Ẹ̀yin tó fẹ́ kí ẹja red devil yé nínú táǹkì, ṣé ẹ tọ́ wọn pọ̀ láti kékeré, àbí ẹ fi pààlà sáàárín akọ àti abo tó ti dàgbà?

Red devil, ẹja inú adágún Nicaragua àti Managua, kì í fẹ́ kí ẹja mìíràn bá òun du àyè. Akọ lè lu abo pa mọ́jú.

Àwọn kan máa ń ra ọmọ ẹja mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á tọ́ wọn pọ̀ nínú táǹkì ńlá títí méjì á fi yan ara wọn. Tí ẹ bá rí méjì tó ń lé àwọn yòókù kúrò ní igun kan, ẹ tètè kó àwọn yòókù jáde. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń gba ara wọn mọ́ra jù. Ṣùgbọ́n ó ń gba oṣù púpọ̀, ta ló sì fẹ́ ra èyí tó ṣẹ́kù?

Bó bá jẹ́ àgbà lẹ ní, pààlà oníke tó ní ihò ni mo fara mọ́. Wọ́n ń rí ara wọn, wọn ò lè bu ara wọn jẹ. Ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ tí abo máa yé ẹyin lé sí ẹ̀gbẹ́ pààlà, lọ́dọ̀ rẹ̀, kí omi tó ń jáde látinú asẹ́ (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì) máa ṣàn láti ọ̀dọ̀ akọ wá, kó lè gbé àtọ̀ rẹ̀ dé orí ẹyin. Àwọn ẹyin kan á funfun, wọn ò ní pa; ìyẹn kò burú, ẹyin wọn pọ̀.

Ẹ má yọ pààlà torí pé ara wọn balẹ̀. Àwọn kan ń gé ihò tí abo nìkan lè gbà kọjá, àmọ́ àfi tó bá kéré sí akọ dáadáa.