Ìrìn àfẹ́ Lọ́kọ́jà pẹ̀lú amọ̀nà: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n nípa Kàbbà

Owó tí mo san fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi yí Lọ́kọ́jà ká kò dùn mí rárá. Ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ni mí, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn. Nítorí náà, etí tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe etí àlejò.

Òkè Pàtí la kọ́kọ́ gùn. Ọ̀nà mọ́tò wà dé òkè. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé, tí àwọ̀ omi méjèèjì yàtọ̀ síra kí wọ́n tó dàpọ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò ní máa bi ẹnikẹ́ni ìdí tí ìjọba òyìnbó fi kó ṣọ́jà síbẹ̀: ẹni tó di ìlú yìí mú ló di ọ̀nà omi Nupe, ti Ìdàh àti ti Yólà mú.

Ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà, wà lórí òkè náà, ibẹ̀ sì ni amọ̀nà wa ti sọ ohun tí n kò lè gbà. Ó ní ibẹ̀ ni Flora Shaw dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lugard ọkọ rẹ̀, tó wo odò, tó sì sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897 ni orúkọ náà jáde nínú àpilẹ̀kọ obìnrin náà nínú ìwé ìròyìn The Times ní London, ọdún 1902 ni òun àti Lugard sì tó fẹ́ ara wọn. Mo rọra sọ fún un. Ó ní, “Ẹ ṣé, màmá. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń sọ ọ́.” Ọmọ tó mọ̀wà hù ni. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló yẹ kó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ní ilé ìwé Holy Trinity, níbi tí Irin Òmìnira, irin tó ń sàmì ibi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀, wà, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ṣàlàyé bí ibà ṣe pa òyìnbó tó lé ní 40 nínú àwọn tó wọ odò wá ní 1841, àti bí Baikie, olórí ìrìn àjò mìíràn, ṣe fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì, oògùn ibà, ní 1854 tí ibà kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣóògùn, wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1900, tí wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó tó ń ṣàkóso níhìn-ín, kalẹ̀ tí wọ́n sì fa ti ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, kò ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ó fo 1897! Láti Lọ́kọ́jà yìí ni Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ náà, ti kó ṣọ́jà bíi 500, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Hausa, lọ sí Kàbbà, ìlú kan ní ilẹ̀ Òkun wa, tí ogun Nupe sì ti sá kúrò kí wọ́n tó dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí Bida, olú ìlú Nupe. Àwọn Nupe yìí ló ń gba ọmọ èèyàn lọ́wọ́ wa bí ìṣákọ́lẹ̀. Nílé wa, a ṣì mọ orúkọ ẹni tí wọ́n gbé lọ tí kò padà. Báwo lẹ ṣe máa sọ ìtàn àwọn ṣọ́jà Lọ́kọ́jà láìdárúkọ Kàbbà? Mo sọ ọ́ fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi.

Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù ni ibojì àwọn ọba ilẹ̀ Hausa àti Nupe tí òyìnbó rọ̀ lóyè. Aliyu ọba Kánò, tí wọ́n mú ní 1903, Lọ́kọ́jà ló kú sí ní 1926. Ẹ rò ó wò: ọba tó ní ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, ìlú bárékè ni wọ́n ní kó máa gbé títí ayé rẹ̀ fi pin. Amọ̀nà wa rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò kánjú, ó dúró de ìbéèrè àwọn ọmọdé. Ìyẹn nìkan tó owó tí mo san.

Ọwọ̀n ìrántí àwọn ṣọ́jà ogun àgbáyé, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fún wa níbẹ̀. Ó kéré jù, nítorí orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára rẹ̀, mo sì fẹ́ kà wọ́n jáde.

Ẹ gun òkè láàárọ̀ kí oòrùn tó le, ẹ gbé omi dání. Ẹ sọ fún amọ̀nà yín kí ẹ tó gbéra pé ẹ fẹ́ dé ibojì àwọn ọba, torí àwọn kan máa ń fò ó bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.