Kírẹ́díìtì mẹ́fà tó di “ó kópa”: àgbéyẹ̀wò ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Rotterdam

Ìwé kan ṣoṣo ló mú kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn tí mo ti Rotterdam ní Nẹ́dálándì dé. Ó ń dán, wọ́n ya òdòdó yí etí rẹ̀ ká, wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sí àárín, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé mo “kópa” nínú ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣòwò. Kò sí máàkì níbẹ̀, kò sí iye kírẹ́díìtì, kò sí orúkọ kọ́ọ̀sì kankan, òfìfo sì ni ibi tó yẹ kí ẹnì kan buwọ́ lù. Kírẹ́díìtì mẹ́fà, ìwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì mi lè kà mọ́ tèmi, ni ìpolówó wọn ṣèlérí, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi yan ètò yìí nínú mẹ́rin tí mo gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ bá olórí ẹ̀ka wa ní yunifásítì wa nílé, wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, “Èyí á dára láti gbé kọ́ ògiri.”

Mi ò ní sọ̀rọ̀ físà Schengen tí a fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àti ìbánigbófò 30,000 yúrò tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fúnni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wá irú ètò yìí rí ti mọ ìyẹn. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó bọ́ sórí ìjà ni pé ẹ̀kọ́ náà dára, òun gan-an ló sì jẹ́ kí inú bí mi tó bẹ́ẹ̀, torí ká ní fàájì lásán ni wọ́n kó wa lọ ṣe ni, ǹ bá ti gbàgbé ìwé olódòdó yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n kó wa lọ sí Maasvlakte, ní ìpẹ̀kun èbúté Rotterdam, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn dí òkun títí ó fi di ilẹ̀. 2013 ni wọ́n ṣí apá kejì rẹ̀. Mo ti kàwé nípa bí ẹrù ṣe ń rìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, àmọ́ ìgbà tí mo rí ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí kò ní ìjókòó awakọ̀ rárá, tó gbé kọ̀ńténà sẹ́yìn, tó dúró jẹ́ẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá kó tó máa bá tirẹ̀ lọ, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Láti 1993 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní èbúté yẹn. Bí a ṣe ń padà, olùkọ́ wa bi wá nínú bọ́ọ̀sì pé ta ló ń jèrè ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ ta ló sì gbà. Iyàn náà kò parí títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ yìí kan náà ló mú wa dé Amsterdam láti kọ́ nípa VOC, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ Nẹ́dálándì tó ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú ní 1602, kò sì jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ kó tó sọ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe pa àwọn ará erékùṣù Banda ní Indonéṣíà nípakúpa ní 1621.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn kò já mọ́ nǹkan. Aṣojú ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó wá gbọ́ àbá wa kò wá, olùdarí ètò jókòó sípò rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi wá sì dá lórí àwọ̀ tí a fi kọ àkọlé.

Olùdarí yìí náà ni mo kọ́kọ́ kọ ímeèlì sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kó tó fèsì pé, “Èyí kan náà la máa ń fún gbogbo èèyàn.” Mo kọ òmíràn, ó ní kí n lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, àwọn yẹn ní kí n lọ bá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣòwò, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣòwò ní kí n padà sọ́dọ̀ olùdarí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù. Ímeèlì mọ́kànlá ni mo kọ. Nínú èsì kan, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi kí mi, wọ́n sì bá mi kẹ́dùn nípa báàgì tí kò sọnù lọ́wọ́ mi.

Èyí tó tún burú ni pé olórí ẹ̀ka wa ti ṣe ìṣirò tiwọn. Wákàtí 28 ni wọ́n ń kà sí kírẹ́díìtì kan ní Nẹ́dálándì. Mẹ́fà jẹ́ 168, ọjọ́ ẹ̀kọ́ 15 péré ló sì wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. “Ṣé wákàtí mọ́kànlá lẹ fi ń kàwé lójúmọ́ ni?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan ni fóònù mi dún. Bàbá àgbàlagbà kan láti ọ́fíìsì ìdánwò wọn ni, ẹni tí n kò kọ̀wé sí rí. Ó ní ẹnì kan ló fi ẹjọ́ mi ránṣẹ́ sí òun, kí n sì mú ìwé àkọsílẹ̀ mi sọ́dọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí wọ́n ní ká kà ká tó wá, ó ní kí n ka àkọlé wọn fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbọ́ bí pẹ́ńsù rẹ̀ ṣe ń họ bébà. Wákàtí 40 fún ìwé kíkà ṣáájú ìrìn àjò, 75 fún kíláàsì àti àbẹ̀wò, 25 fún ìjábọ̀ tí a kọ lẹ́yìn tí a délé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “140. Márùn-ún nìyẹn, kì í ṣe mẹ́fà. Mi ò lè fún ọ ní ohun tí o kò ṣe, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí o ṣe dù ọ́.” Ó tún sọ fún mi pé máàkì wa ti wà nínú fáìlì láti ọjọ́ tí ètò parí, olùdarí ni kò fi wọ́n ránṣẹ́ sáwọn.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìwé àbájáde gidi dé, pẹ̀lú máàkì, òǹtẹ̀ àti ìpín wákàtí náà tí bàbá yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́ ọn. Olórí ẹ̀ka wa kà á láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì gba márààrún wọlé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, kírẹ́díìtì mẹ́fà ṣì wà nínú ìpolówó wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè yìí kò jọ mẹ́rin. Àbúrò mi fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò sì dá a dúró. Mo kàn ní kó má sanwó títí yóò fi gba ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ tí òun, yunifásítì rẹ̀ àti àwọn ará Rotterdam ti buwọ́ lù, tí iye kírẹ́díìtì sì hàn nínú rẹ̀.