Bàtà wo ló lè gbé yín látàárọ̀ dalẹ́ ní London, èwo ló sì yẹ Salvador?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni màmá mi fi ń ra bàtà fún wa. A ó fẹsẹ̀ lélẹ̀, wọn á fi ìgbálẹ̀ ti gìgísẹ̀, wọn á ṣẹ́ ẹ níbi tí àtàǹpàkò parí sí, wọn á wá fi sínú pọ́ọ̀sì lọ sọ́jà Dùgbẹ̀. Bàtà tí wọ́n bá rà bọ̀ kì í kúrú, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń há, torí ìgbálẹ̀ mọ gígùn ẹsẹ̀, kò mọ fífẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń ra bàtà ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ títí dòní. A ó béèrè nọ́ńbà, a ó tẹ inú bàtà wò bóyá ó rọ̀, a ó sanwó. Tó bá di wákàtí kẹfà tí a ti ń rìn kiri nílùú onílùú, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ á ti máa ta, a ó sì máa wá ibi tí a ó jókòó sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wo fífẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó wá bi ara yín bóyá ó rọ̀. Ìlú méjì ni mo fẹ́ fi ṣe ìfiwéra: London, tí ọ̀pọ̀ wa ń lọ kí ọmọ, àti Salvador ní Brazil, tí àwọn tó fẹ́ fojú rí ìbátan wa lókè òkun ń lọ.

Ilẹ̀ London tẹ́jú, ó sì le. Láti Westminster Bridge, tẹ́ ẹ bá gba etí odò apá gúúsù dé Tower Bridge, ó tó bíi kìlómítà 4, ẹ ò sì tíì wọ British Museum. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, dídúró lójú kan lórí ilẹ̀ òkúta ń dun ẹsẹ̀ ju rírìn lọ. Àtẹ̀gùn tún wà níbẹ̀. Ní Covent Garden, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan, lífítì ló ń gbé èrò, torí ìgbésẹ̀ 193 ni àtẹ̀gùn rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dọ́gba pẹ̀lú ilé alájà 15.

Nílùú bẹ́ẹ̀, bàtà méjì ló máa ń bára wọn du ẹsẹ̀ wa. Kánfáàsì pẹlẹbẹ, irú Converse àti Vans, bá ṣòkòtò mu, ó bá ìró àti bùbá mu, owó rẹ̀ kì í sì í ga tó ti bàtà eré sísá. Ṣùgbọ́n rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sí ohun kan láàárín rẹ̀ tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Fún wákàtí méjì, kò burú. Fún ọjọ́ gbọọrọ, mi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀. Bàtà eré sísá ní fóòmù tó nípọn, irú fóòmù tí wọ́n ń pè ní EVA ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ó fúyẹ́, ó sì ń gba gìgísẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ líle. Òun ni mo fún ní London.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Èyí tó rọ̀ jù máa ń tan ni jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ kó má baà yẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé bàtà náà lọ́wọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù gìgísẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: tó bá wọlé bíi búrẹ́dì Àgége, ẹ dá a padà. Ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù: tó bá lọ́ wẹ́rẹ́, kò lè gbé yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ni kó ti ká, kó má ká láàárín.

Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ ló ń dùn mí jù, torí pé owó là ń san, ìyà la sì ń rà. Ẹsẹ̀ ẹni tó fi sílípáàsì àti ẹsẹ̀ lásán dàgbà sábà máa ń fẹ̀ níwájú. Tí bàtà bá há a, nọ́ńbà tó tóbi sí i ló máa ń gbà, gìgísẹ̀ á wá máa yọ lẹ́yìn, awọ ibẹ̀ á bó. Fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ní ilé iṣẹ́ bàtà New Balance, D ni fífẹ̀ tó wọ́pọ̀ fún ọkùnrin, 2E ló fẹ̀, 4E ló fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún obìnrin, B ló wọ́pọ̀, D ló fẹ̀. Ní Clarks, D gan-an ló wọ́pọ̀ fún obìnrin, E ló fẹ̀, G sì ni ti ọkùnrin, H fún ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀. Ẹ rí i pé D kan náà kò jọ ara wọn láti ilé kan sí èkejì. Nọ́ńbà tí a ń pè lọ́jà wa, 42 àti 43, ti Yúróòpù ni. 42 ọkùnrin sún mọ́ 8 ní Bìrìtìkó àti 9 ní Amẹ́ríkà. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi rìn, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà kan sì ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Salvador, ibi tí ìdájọ́ ti yí padà. Lífítì ńlá kan, Elevador Lacerda, wà níbẹ̀ láti 1873, tó ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè, gíga rẹ̀ tó mítà 72. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dé òkè, ẹsẹ̀ yín ló kù. Láti gbàgede Terreiro de Jesus, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dé gbàgede Largo do Pelourinho, níwájú ìjọ Rosário dos Pretos, ẹ ó yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Casa do Benin, ẹ ó tún gun Ladeira do Carmo lọ sí Santo Antônio. Òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀, òmíràn yọrí, òmíràn rì, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ti fá orí wọn dán. Nínú òjò, tó máa ń pọ̀ láti April sí July, wọ́n máa ń yọ̀. Bàtà eré sísá tó ga lórí fóòmù, tí mo yìn ní London, lè yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Sálúbàtà ló yẹ ibẹ̀, torí ooru, ṣùgbọ́n irú èwo? Birkenstock àwọn ará Jámánì ní ìtẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi èèpo igi ìdérí ìgò wáìnì ṣe. Ó máa ń le lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan á gba àwòrán ẹsẹ̀ yín, kò sì sí èyí tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dáadáa tó o nínú àwọn tí mò ń wí yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé omi kò bá a lára mu, èyí tí kò sì ní okùn lẹ́yìn máa ń já gìgísẹ̀ sílẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Irú Teva, tí afinimọ̀nà kan ní Grand Canyon, àfonífojì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 1984, ní okùn tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ó sì ń yára gbẹ. Mo yan Teva fún Salvador láìṣiyèméjì. Kí Havaianas, sílípáàsì rọ́bà àwọn ará Brazil, dúró de etíkun.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ sálúbàtà tó ṣí sílẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ fi ọwọ́ yẹ inú bàtà wò kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, torí ojú egbò lè wà níbẹ̀ kó má dunni.

Bàtà aláwọ tí a rán ní Mushin tàbí ní Aba lè dára ju gbogbo wọn lọ fún ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀, torí ẹsẹ̀ tiyín ni wọ́n ń rán an sí. Ẹ dúró sórí bébà, kí wọ́n ya ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ní rọ́bà ni kí wọ́n fi sísàlẹ̀, torí awọ máa ń yọ̀ lórí òkúta.

Ní ti òkìrìkà, mo ti rí tèmi. Bàtà tí mo rà mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọn ò wọ̀ ọ́ rí. Ọjọ́ kejì tí mo dé London, lórí àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo wẹ̀yìn, mo rí nǹkan tó ń já bọ́ bí èérún búrẹ́dì. Ìsàlẹ̀ bàtà mi ni. Irú fóòmù mìíràn tí wọ́n ń pè ní polyurethane máa ń bàjẹ́ nínú àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká gidi níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá tó ń lọ bá wọn wẹ ọmọ ní London, tí kò fẹ́ ra ju ẹyọ kan lọ, bàtà ìrìn onírọ́bà tí fóòmù rẹ̀ mọ níwọ̀n ni kó rà, èyí tó fẹ̀ níwájú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, torí òwú máa ń mu òógùn, á sì máa bó awọ ẹsẹ̀. Kó rà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn, kó máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, kó máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Tó bá ta á lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà, kó fún ẹlòmíràn.