Ike Ìtẹyin Láti Jàpáànù: Ẹyin Tó Yẹ Ẹ́ àti Èyí Tí Kò Yẹ Ẹ́

Ike kékeré kan wà tí àwọn ará Jàpáànù máa ń fi sọ ẹyin sísè di ehoro, béárì, ẹja, ọkọ̀ tàbí ìràwọ̀, ó sì ti ń dé ọwọ́ àwọn òbí nílùú wa báyìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ra oríṣi mẹ́ta nínú rẹ̀, ìyẹn ehoro pẹ̀lú béárì, ọkọ̀ pẹ̀lú ẹja, àti ìràwọ̀ pẹ̀lú ọkàn, mo sì ti ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti oúnjẹ ilé-ìwé àwọn ọmọ mi fún àkókò tó tó láti mọ èyí tó yẹ ní rírà nínú wọn. Ike náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹyin gan-an ni ọ̀gá iṣẹ́: bí kò bá tóbi tó, tí kò sì gbóná tó, kò sí ohun tí ike lè rí ṣe sí i.

Ní Jàpáànù, oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń dì sínú abọ́ olómọrí, èyí tí wọ́n ń pè ní bento, jẹ́ ohun tí àwọn òbí máa ń fi sùúrù ṣe, pàápàá fún ọmọ tó wà ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Inú rẹ̀ ni àṣà kyaraben ti jáde, níbi tí ìrẹsì, ewébẹ̀, ẹja àti ẹyin ti ń di ojú ẹranko tàbí ti àwọn ẹ̀dá inú eré tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Ike ìtẹyin jẹ́ ọ̀kan lára irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ohun olówó gọbọi lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé irú rẹ̀ máa ń wà ní àwọn ìsọ̀ bíi Daiso, níbi tí ọ̀pọ̀ ọjà ti jẹ́ 100 yen kí wọ́n tó fi owó orí ọjà kún un. Ẹni tó bá mọ èyí yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ó bá rí iye tí àwọn ọlọ́jà kan ń bù lé e níbí. Owó tí mo san lórí páálí kan kò tó owó kéréètì ẹyin, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà kan yóò ti máa wò mí tìfuratìfura, nítorí pé nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n gbà pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin jẹ yóò di olè. Odidi ẹyin kan tí a tún ya ojú ehoro sí, tí a wá gbé ka iwájú ọmọ, ìyẹn á kọjá ohun tí ìyá mi àgbà lè fara mọ́.

Páálí ehoro àti béárì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí, nítorí òun ni mo ń lò jù. Ike kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì méjì tí wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn, tó ń ṣí tó sì ń padé. Ìlàjì ìsàlẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń dán. Inú ìlàjì òkè ni wọ́n gbẹ́ etí, ojú àti ẹnu ẹranko náà sí. Ìkọ́ kékeré kan wà níwájú tó ń dún “pó” nígbà tí ó bá wọlé, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìró yẹn, torí pé ìkọ́ tí kò wọlé dáadáa yóò já kúrò lábẹ́ omi, ẹyin yóò sì jáde pẹ̀lú etí kan ṣoṣo. Ìdí igbá ike náà ni wọ́n tẹ nọ́ńbà 5 sí nínú igun mẹ́ta, èyí tó fi hàn pé polypropylene ni wọ́n fi ṣe é, irú ike tó lè gba ooru omi híhó láìrọ̀. Mo ti ra àfarawé rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà kan rí tí kò ní àmì kankan, ike rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń rùn bí bàtà tuntun, ìkọ́ rẹ̀ sì kán kí ó tó pẹ́. Ohun tí a óò fi ẹyin gbígbóná sí nínú kí ọmọ tó jẹ ẹ́, mo rò pé ó yẹ kí a yí ìdí rẹ̀ wò kí a tó sanwó.

Ìdí tí ẹyin fi ń gba ìrísí mìíràn kò fara sin. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 62 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn purotéènì inú funfun ẹyin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọn á sì máa so mọ́ ara wọn títí omi náà yóò fi dì. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì gbóná, ohun tó dì yìí ṣì rọ̀, ó sì ṣeé tẹ̀ láìfọ́. Bí ó ti ń tutù ni ó ń le sí i, ìrísí tí ó bá sì bá a lára nígbà náà ni yóò mú. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju pé kí ẹyin wọ inú ike ní gbígbóná, kí ó sì tutù pátápátá kí a tó ṣí i.

Bíbó ni wàhálà wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹyin tó ti tutù ló rọrùn láti bó, ẹyin gbígbóná la sì fẹ́ níbí. Mo máa ń jẹ́ kí omi hó kí n tó fi ṣíbí sọ ẹyin kalẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé ẹyin tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú omi híhó kì í fi ara mọ́ èèpo tó èyí tó bẹ̀rẹ̀ nínú omi tútù, mo sì máa ń sè é fún ìṣẹ́jú 12. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi omi tútù ṣàn án lóréfèé, ìwọ̀nba kí ọwọ́ lè gbà á, tí n óò sì bó o kíákíá nínú abọ́ omi. Bí iná bá kéré, tí pupa ẹyin ṣì ń ṣàn, funfun rẹ̀ yóò ya nígbà tí a bá ti ike pa. Bí a bá sì sè é jù, irin inú pupa ẹyin àti imí-ọjọ́ inú funfun rẹ̀ yóò pàdé, àwọ̀ ewé tí kò wuni yóò sì yí pupa náà ká. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ ọmọdé tó ń yan oúnjẹ kò nílò ẹjọ́ mìíràn láti rò.

Ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé kò dára fún iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ń ra ẹyin tààrà láti oko adìẹ sì gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Nínú ẹyin tuntun, awọ tó wà lábẹ́ èèpo máa ń lẹ̀ mọ́ funfun ẹyin típẹ́típẹ́. Bí ọjọ́ ti ń lọ, afẹ́fẹ́ carbon dioxide ń gba àwọn ihò wínníwínní ara èèpo jáde, ìwọ̀n pH funfun ẹyin (òṣùwọ̀n tó máa ń gòkè bí nǹkan bá ti ń pàdánù kíkan rẹ̀) sì ń gòkè láti nǹkan bí 7.6 lọ sí nǹkan bí 9.2, ìgbà náà ni awọ yẹn máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹyin tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan nílé ni mo máa ń yàn. Ibi tí èèpo bá ti ha funfun ẹyin, ike kò ní dí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, yóò gbé e jáde kedere, ó sì sábà máa ń jẹ́ ní iwájú orí ehoro.

Ní ti títóbi, ibi tí ike yìí ti fi hàn pé a kò ṣe é nítorí ọjà wa nìyí. Ìwọ̀n ni àwọn ará Jàpáànù fi ń pín ẹyin: ìsọ̀rí M jẹ́ 58 sí 64 gíráàmù, L sì jẹ́ 64 sí 70 gíráàmù, irú ẹyin wọ̀nyí ló sì ń kún ike náà dáadáa. Ojú ni àwa fi ń wọn tiwa. Nínú kéréètì kan náà, ẹyin adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgbà adìẹ, àwọn kékeré yẹn kì í sì í dé ibi etí ehoro rárá. Ohun tí yóò jáde ni orí roboto kan tí ojú rẹ̀ ń fà lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó tóbi jù, bíi èyí tó ní pupa méjì, á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ike á sì gé etí rẹ̀ bí ẹni gé ọ̀jà. Ẹ máa ṣa àwọn ńlá sọ́tọ̀ kí ẹ sì fi àwọn kékeré dín. Béárì máa ń fara mọ́ ẹyin kékeré ju ehoro lọ, nítorí pé etí rẹ̀ kò gùn.

Lẹ́yìn tí ìkọ́ bá ti wọlé, gbogbo ike náà ni a óò rì sínú omi yìnyín fún ìṣẹ́jú 10. Níbi tí iná ìjọba kò ti ṣeé gbára lé, omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi ni mo máa ń fọ́ sínú abọ́, ó sì tó. Bí kò bá sí yìnyín rárá, omi ẹ̀rọ lásán lè ṣe é bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a sì fún un tó ìdajì wákàtí, àmọ́ ojú àti ẹnu ẹranko náà kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ àti ẹja kò wú mi lórí. Wọ́n gbẹ́ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ sínú ike náà, táyà, fèrèsé àti ìpẹ́, ṣùgbọ́n funfun ẹyin kò lágbára láti gbé irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde, ọmọ sì ní láti béèrè ohun tí ó ń jẹ. Ti ìràwọ̀ àti ọkàn yàtọ̀ pátápátá, òun gan-an ni n bá kọ́kọ́ rà ká ní mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹyin ni ó ń yà; gbogbo gígùn ẹyin ni ó ń tẹ̀, débi pé bí a bá gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbogbo ègé ló ń jáde ní ìràwọ̀, pẹ̀lú pupa láàárín. Ẹyin kan yóò bo abọ́ sàláàdì ọmọ méjì, ó sì dára lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Bí a bá rì í sínú omi ata ilẹ̀ pupa fún ìgbà díẹ̀, ìràwọ̀ náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sì ní yí adùn rẹ̀ padà púpọ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi èyíkéyìí nínú wọn sínú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, nítorí pé ẹ̀wà yóò bo gbogbo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀.

Fún ilé-ìwé, ooru ilẹ̀ wa ló yẹ kí ó pinnu. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ni pé kí ẹyin sísè má ṣe pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta fìríìjì, kí ó sì dín sí wákàtí 1 bí ooru bá ju 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ooru yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Omi yìnyín dídì la ní láti tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àpò oúnjẹ, kí ó sì jẹ́ ohun tí ọmọ yóò jẹ ní ìsinmi àkọ́kọ́. Nígbà ooru ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń fi í mọ sí oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ǹjẹ́ ó ń mú kí ọmọ jẹ ẹyin? Ní ilé tiwa, ó mú kí àbígbẹ̀yìn mi, tó ti kọ ẹyin tipẹ́, gbé e sẹ́nu, ìyẹn nìkan sì tó owó tí mo san. Ó fi yànmọtí dúdú méjì ṣe ẹyinjú fún ehoro rẹ̀, ó gé etí rẹ̀ jẹ, ó wá tọrọ òmíràn. Ṣùgbọ́n ìrísí kò sọ adùn di òmíràn: nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́ ehoro tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pupa ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ má lò ó lójoojúmọ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ra ike lè rí ọkàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gé páálí jùúsì tó ti ṣófo sí gígùn ẹyin díẹ̀ síi, ẹ ká a sí méjì bí ojú òrùlé tí a dojú rẹ̀ dé, ẹ tẹ́ ẹyin gbígbóná sínú ibi tó jinlẹ̀, ẹ gbé igi róbótó kan, bíi pẹ́ńsù tuntun tí a ti fọ̀, lé ẹ̀yìn ẹyin ní gígùn, kí ẹ wá fi rọ́bà so ó nípéékún méjèèjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 nínú omi tútù, ẹ gé e ní ìbú, ọkàn méjì ni yóò jáde. Kò gún régé tó ti ike, àmọ́ ó súnmọ́ ọn.

Fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ike méjì ló wà nínú páálí kan, ọmọ 30 túmọ̀ sí ìgbà 15, ìyẹn wákàtí méjì àbọ̀ nínú omi yìnyín nìkan, tí a óò sì máa gbìyànjú kí àwọn ẹyin tó kù má tutù. Ohun tí mo máa ń ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé n óò fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gé funfun àárín ẹyin tútù yíká ní wọ́gọwọ̀gọ, n óò gbé funfun òkè sókè díẹ̀ kí pupa lè yọjú, n óò fi yànmọtí ṣe ojú àti ègé kárọ́ọ̀tì ṣe ẹnu, ó di òròmọdìẹ tó ń pa jáde. Ẹnikẹ́ni nínú ilé ló lè bá mi gé e, gbogbo rẹ̀ á sì ti parí kí ìrẹsì tó jinná.